Igba Iṣẹ́ Tó Há Sórí Ẹ̀rọ

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọbìnrin ará Ìbàdàn kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀fọn ní Amẹ́ríkà fi iṣẹ́ 200 ránṣẹ́ sí àgbájọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo yunifásítì rẹ̀ jọ ń lò, ó sì lọ sùn. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rí èsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọ̀kan tó parí, kò sì sí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ àkọlé HOLD ni gbogbo wọn wà.

HTCondor ni ètò tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà náà. Yunifásítì Wisconsin ní Madison ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1988. Condor lásán ni wọ́n ń pè é títí di 2012. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò kọ iye mẹ́mọ́rì tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò sílẹ̀, ètò náà yóò sì wá kọ̀ǹpútà tó lè gbà á. Iṣẹ́ tó wà ní IDLE ń dúró kí ó kàn án ni. Èyí tó wà ní HOLD kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà tẹ condor_release. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ẹ̀wà kaná. Kí ẹ̀wà tó jiná, wọ́n ti padà sí HOLD. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà láìbéèrè ìdí. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ẹni tó dàgbà níbi tí iná ti ń lọ lójijì kì í béèrè ohun tó mú un lọ. Ó ń retí kó padà ni. Ṣùgbọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan, àyè tí ẹlòmíràn ìbá lò ni iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà lásán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú u, ó pe ọkùnrin kan tó ti kàwé jáde ṣáájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí kórìíra mi.”

“Kí ló ní òun fi dá wọn dúró?”

“Ṣé ó máa ń sọ ni, sà?”

“Tẹ condor_q -hold, kí o kà á sí mi létí.”

Ó kà á. Iṣẹ́ 193 ti kọjá 2048 megabyte tó béèrè fún. Ibo ló ti rí 2048? Inú fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti dà á kọ, dátà ti ọ̀rẹ́ yẹn kò sì tó ìdá mẹ́ta tirẹ̀. Àwọn 7 tó kù kò rí fáìlì tí wọ́n fẹ́ kà: lẹ́tà ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, lẹ́tà kékeré ló kọ sínú ìwé iṣẹ́. Lójú Linux, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ó fẹ́ béèrè fún 64 gigabyte kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní rárá o, kọ̀ǹpútà tó ní irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò pọ̀, IDLE ni yóò wà títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ó ní kí ó fi condor_qedit yí RequestMemory iṣẹ́ kan ṣoṣo sí 8192, kí ó tú ìyẹn nìkan sílẹ̀, kí ó sì wo log rẹ̀ tó bá parí. Ọ̀gànjọ́ òru ló parí. Ó lo bíi 5300. Ó fi gbogbo ìyókù sí 6144, ó tún orúkọ fáìlì méje náà ṣe, ó sì tú wọn sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 196 ti parí, 4 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n fi 196 bẹ̀rẹ̀ ná.