Ilé Onípákó Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a sọ ohun tí ẹ̀kọ́ tí a kọ́ níhìn-ín ń ṣe fún wa lókè òkun, ilé onípákó kékeré kan ni ọkàn wa lọ sí.

A mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò dùn létí. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká búlọ́ọ̀kù ni ń fi pákó kọ́lé, ikán kì í sì í pẹ́ yọjú síbẹ̀. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí àwa tọkọtaya ń gbé, ikán kọ́ ni ọ̀tá igi, omi ni.

Bàbá wa ti sùn, Màmá sì ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa. Yàrá mẹ́ta ni a ní. Àwa wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọbìnrin wa méjì wà nínú èkejì, ìwé, tábìlì àti kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wa sì kún ẹ̀kẹta. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí a ra ilé onípákó tí a ti gé sílẹ̀, kí a tò ó sí ẹ̀yìnkùlé, kí a sì tẹ́ ibùsùn síbẹ̀ fún Màmá.

A lọ yẹ òfin wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ onílé lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìtọrọ ìwé àṣẹ, bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n. Bí ó bá wà láàrin mítà 2 sí ààlà, gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 2.5 lọ. (Ẹni tí ń gbé fúláàtì kò ní àǹfààní yìí.) Ṣùgbọ́n ti ibùsùn yàtọ̀. Ilé tí inú rẹ̀ kò tó mítà onígun mẹ́rin 15, tí ẹnikẹ́ni kò sì sùn nínú rẹ̀, òfin ilé kíkọ́ kì í sábà kàn án. Bí a bá gbé ibùsùn wọ̀ ọ́, òfin náà dé.

Àní bí òfin bá gbà, ọkàn wa kò gbà. Kí ẹni tí ó bí ni máa la yìnyín kọjá lóru kí ó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ìwé àti kọ̀ǹpútà ni kí ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá ni kí ó wọlé.

Èyí tí a rà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, pákó ògiri rẹ̀ sì nípọn ní mìlímítà 44. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ tán, etí pákó kan ń wọ inú èkejì. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní yóò rántí pé níbi tí a ti wa òkúta tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì ni a ti gbẹ́ ẹ tán, tí a kò fi gbúròó òòlù níbi ìkọ́lé. A lu òòlù ní tiwa, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ni ògiri fi dúró.

Ìpìlẹ̀ ni ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí igun kan bá rẹlẹ̀, pákó kò ní wọnú ara wọn, ilẹ̀kùn kò sì ní padé. A gbẹ́ ilẹ̀, a kó àfọ́kù òkúta sí i, a gún un mọ́lẹ̀, a sì da kọnkéré tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lé e. A kò jẹ́ kí ó yọ sókè púpọ̀, nítorí láti orí ilẹ̀ ni òfin ti ń wọn gíga, kì í ṣe láti orí ìpìlẹ̀. Kí a tó da kọnkéré, a fi òfin Pythagoras tí olùkọ́ ìṣirò wa kò jẹ́ kí a gbàgbé yẹ igun rẹ̀ wò: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ 3, tí èkejì jẹ́ 4, okùn tí a ta láti igun dé igun gbọ́dọ̀ jẹ́ 5 gééré. A ń sún èèkàn síwá sẹ́yìn títí ó fi bọ́ sí i. Àwọn ọmọ wa, tí wọ́n máa ń béèrè ohun tí ìṣirò wà fún, ni wọ́n di okùn náà mú.

Igi a máa mí. Bí ojú ọjọ́ bá rin, á wú. Bí ó bá gbẹ, á súnkì. Nítorí náà ni a ṣe fi àlàfo sílẹ̀ lókè férémù ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí pákó lè rí ibi sọ̀kalẹ̀ sí. A fi ọ̀dà kùn ún nínú àti lóde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná nìkan ni a kò fọwọ́ kàn; oníṣẹ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ni ó ṣe é.

Màmá dé ní oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n yí ilé náà po, wọ́n fi ìka kan ògiri rẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ má máa tì í pa ní ìdájí o.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà láago márùn-ún títí di òní, kí àwọn ọmọ tó jí. Òjò kò dá wọn dúró. Wọ́n gbé agbòòrùn kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.