Ìrìn Àgbà ní Massè

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ọ̀nà Massè, ní ìhà Adja-Ouèrè, ní kùtùkùtù: àwọn bàbá ń lọ sóko, àwọn ìyá gbé igbá rù, wọ́n ń lọ sọ́jà. Ìrìn yẹn, oògùn tí a kò fowó rà ni.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù, inú ọjà ni ọ̀pọ̀ arúgbó ti ń rìn. Ní 1956 ni wọ́n ṣí ọjà Southdale ní Edina, ní Minnesota, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa rìn yípo láàárọ̀ kí ìtajà tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò wá rajà: ilẹ̀ tó tẹ́jú àti ẹni tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá.

Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara, bí ìrìn kánkán, fún 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n bí zémidjan bá ń gbé ìyá wa lọ síbi gbogbo, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbàgbé ìrìn. Ẹ bá a rìn kí oòrùn tó mú. Bí òjò bá sọ ọ̀nà di yíyọ̀, abẹ́ àtíbàbà ọjà ṣófo lọ́jọ́ tí a kò nájà: ẹ jọ rìn yípo níbẹ̀.