Ìbọn Kan, Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Kan

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi wá léèrè ibi tí a ti rówó ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí a ń gbé lọ gbé bọ̀. Ìbọn bàbá wa la tà. Bí a bá sọ ọ́ báyìí, ó dà bí ohun tí ènìyàn ń parí láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ọdún kan gbáko ló gbà wá kí a tó fẹnu kò.

Ọdẹ ni bàbá wa, ní ìletò kan lẹ́bàá Kétu. Nígbà tí wọ́n papò dà ní 2021, ìbọn méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀kan ni ṣakabùlà gígùn tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá tiwọn. Èkejì, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́ fún wọn nígbà tí àwa ọmọ ti ń lọ sílé ìwé. Àwa mẹ́rin la jẹ́ ọmọ, méjì nínú wa ló ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Kàlàví. Kò sí ọdẹ kankan nínú wa.

Ẹni tó bá mọ ilé ọdẹ mọ̀ pé ìjálá kò wọ́n. Ọdẹ lè sun ìjálá níbi ọdún Ògún, níbi ìkómọ, tàbí níbi tí ẹmu bá ti pọ̀ díẹ̀. Ìrèmọ̀jé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ gbọ́dọ̀ kú kí a tó gbọ́ ọ, níbi ìṣípà tí ẹgbẹ́ ọdẹ fi ń yà á kúrò láàárín ara wọn. A kò lè pe àgbà ọdẹ sídìí tábìlì ní Kàlàví pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sun ún fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní kíláàsì, olùsọ̀rọ̀ lè tún gbólóhùn kan sọ nígbà mẹ́wàá. Níbi ìṣípà, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Tẹlifóònù la fi gba ìrèmọ̀jé bàbá wa sílẹ̀, láti alẹ́ títí di ìdájí. Ẹ mọ̀ pé ọdẹ kì í ṣe ẹ̀yẹ ọdẹ láìyin ìbọn. Tẹlifóònù sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí ohùn tó ń gbà ṣe máa ga tó. Bí ìbọn bá ti dún, á rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀, kò sì ní tètè gbé e padà. Ohun tí a bá nínú fáìlì ni ìró ìbọn gbàù, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta tí ohùn àgbà ọdẹ dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ẹ̀yìn ìró ìbọn gan-an sì ni wọ́n máa ń fi orúkọ àti oríkì bọ̀. Ìbọn tí wọ́n yìn láti fi yẹ́ bàbá wa sí ni kò jẹ́ ká gbọ́ oríkì wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a ti fi Praat wò títí ojú fi ń ro wá. Kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ hàn, fáwẹ̀lì rẹ̀ hàn, ohùn orí rẹ̀ ni kò hàn. Ṣé ẹtu ni, ẹran inú igbó? Ṣé ẹtù ni, ẹyẹ? Àbí ẹ̀tù tí à ń rọ sínú ìbọn? Olùkọ́ yóò ní kí a wo àyíká ọ̀rọ̀. Àyíká ọ̀rọ̀ wo? Ọdẹ kan náà ló ń fi èyí tó gbẹ̀yìn pa méjì tó ṣáájú. Àgbà tó sun ún sì ti tẹ̀ lé bàbá wa ní 2023.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbọn ti wọlé. Ẹ̀rọ tí a nílò ni èyí tí a lè fi ọwọ́ ara wa dín ohùn rẹ̀ kù kí ìbọn tó dún, tó sì ń gba ohùn ní WAV, kì í ṣe MP3 tó ń gé nǹkan sọnù. WAV ń jẹ àyè: ní 44.1 kHz àti bíìtì 16, stẹ́ríò, ìṣẹ́jú kan ń gba bíi mẹ́gábáìtì 10, àìsùn wákàtí mẹ́jọ á gba bíi gígábáìtì 5. Ti ẹ̀kọ́ ló wá le jù. Praat tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, ọ̀fẹ́ ni. ELAN tí wọ́n ṣe ní Max Planck ní Nijmegen, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí yóò kọ́ni bí a ṣe ń gbé máíkì síbi tó yẹ láàárín èrò, àti bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀ tí a kọ mọ́ ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ní Kutọnu: owó ẹ̀kọ́, owó zémìjàn, owó oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ ní kí a ta ìbọn méjèèjì, kí ọjà tán. Àbúrò wa tó ń dáko nílé kò gbà rárá. Ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo òun, ó ní, ẹ̀rọ kò sì lè lé ọ̀bọ. Òótọ́ ló sọ, a kò tíì rí èsì fún un títí di òní. Ìyá wa kò sọ púpọ̀. Wọ́n ní ìbọn tó wà nílé tí kò sí ọdẹ, ọmọdé ni yóò di ọdẹ rẹ̀.

Bàbá wa kékeré, tí àwọn náà jẹ́ ọdẹ, bi wá pé, “Ṣé Ògún lẹ fẹ́ tà, kí ẹ fi ra rédíò?”

A ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ògún tó ni ìbọn ló ni mọ́tò, òun náà ló ni abẹ onígbàjámọ̀. Irin wà nínú ẹ̀rọ yìí náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé ìwé ti kọ́ wa lẹ́nu. Wọn kò gbà lọ́jọ́ náà.

Òfin tún ń bẹ. Àdéhùn CEDEAO lórí àwọn ohun ìjà kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, kò fẹ́ kí ará ìlú ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Orúkọ bàbá wa ló wà lórí ìwé ti méjèèjì. Ẹnì kan wá lálẹ́, kò béèrè ìwé kankan, owó tó dá lé èyí kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí a tà á nígbẹ̀yìn. Owó yẹn ìbá rán àwa méjèèjì lọ sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi í yìn? A ní kó máa lọ.

Ọdẹ kan nínú ẹgbẹ́ bàbá wa, tó ní ìwé àṣẹ, ló rà á ní 110 000 sẹ́fà, àwọn ọlọ́pàá sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣakabùlà gígùn bọ́ sọ́wọ́ bàbá wa kékeré, lórúkọ tiwọn. Ẹ̀rọ gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ẹ̀gbọ́n wa fi díẹ̀ kún ìyókù, ẹnì kan nínú wa lọ sí Kutọnu, ó bọ̀ wá kọ́ èkejì.

Bàbá wa kékeré kò ṣàì fi àdéhùn tiwọn lé e. Ẹgbẹ́ ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohunkóhun tí a bá gbà, ibi tí wọ́n bá ní kó má jáde kò ní jáde, ì báà jẹ́ ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ onímọ̀ èdè. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ibi tí ìbọn kékeré máa ń wà ni kí ẹ̀rọ wà. A gbé e síbẹ̀. Wọ́n fi epo kàn án, a sì bẹ̀bẹ̀ kí epo má kan ẹnu máíkì.

Láti ìgbà náà a ti lọ sí ìṣípà kan. Ìbọn dún, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì hàn ketekete. Fáìlì ti bàbá wa ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà tí a ń kọ ọ́ sílẹ̀ a dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, a kò lè fi í sílẹ̀ láìní àmì, nítorí àìlámì fúnra rẹ̀ ohùn àárín ni, ẹtu ẹran nìyẹn. Àmì ìbéèrè la fi síbẹ̀.