Sàláàdì Ọ̀sán, Ẹja Oyíngbò

Ọ̀sán pọ́n ní Yábàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ, ṣùgbọ́n akọ̀wé kan jókòó, ó ṣí abọ́ tó gbé wá láti ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Dókítà ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀.

Ìlànà sàláàdì tó rí kà ní kí ó lo ẹja túnà inú agolo. Owó rẹ̀ wọ́n. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ó ra ẹja Titus lọ́jà Oyíngbò, ó sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, ó sì yọ eegun rẹ̀. Ọ̀rá tí ń ṣe ọkàn lóore tilẹ̀ pọ̀ nínú Titus ju inú túnà alágolo lọ. Ó fọ létúùsì dáadáa, ó gé kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì àti tòmátì sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni kíríìmù. Lóde àríyá, wọn a dà á bo ewébẹ̀ títí oúnjẹ fúyẹ́ yóò fi di ẹrù ọ̀rá, ṣúgà àti iyọ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró ṣíbí kan ni obìnrin yìí fi rọ́pò rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rẹ́rìn-ín: “Àǹtí, ṣé oúnjẹ ewúrẹ́ lẹ ń jẹ ni?”

“Ewúrẹ́ tí kò fẹ́ tètè kú ni,” ni ó dáhùn, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ.