Ìwé Àwìn Ìyá Onísọ̀

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Ọ̀tà àti Ìgbẹsà ti ilẹ̀kùn wọn. Alágbàṣe tí ń gba owó ojúmọ́ kò rí nǹkan gbà mọ́. Ta ni ó wá fún un ní gààrí? Ìyá onísọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ni, ẹni tí ń wọn ààbọ̀ kóńgò fún ni, tí ó sì ń kọ àwìn sínú ìwé. Àwìn yẹn gan-an sì ni owó ọjà rẹ̀. Bí a kò bá san án, kò sí owó tí yóò fi ra àpò mìíràn. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ padà bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé, kí wọ́n má baà kọjá níwájú ìsọ̀ náà.