Ọ̀rọ̀-ìṣe “Reimpose” àti Ẹrù Tí Wọ́n Tún Gbé Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹni tí ń túmọ̀ èdè kan sí òmíràn máa rọra. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, “reimpose”. Ẹlòmíràn a túmọ̀ rẹ̀ sí “fi òfin dè”, a sì gbà pé ó ti parí. Kò tíì parí.

Inú èdè Látìnì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, níbi tí “imponere” ti túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan lé orí nǹkan mìíràn. “Impose” ni kí aláṣẹ gbé ẹrù lé ẹlòmíràn lórí: owó orí, ìtanràn tàbí òfin. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “re-” ni ó fi “tún” kún un. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà: wọ́n gbé ẹrù lé ni lórí, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n tún gbé e padà. Bí kò bá sí ìgbésẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà.

Ọdún 2020 fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin kónílé-ó-gbélé de Èkó, Ògùn àti Àbújá fún ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ọjọ́ 14 mìíràn. Ẹni tí ó bá lo “reimpose” níbí ṣì í lò, nítorí wọn kò tíì tú àwọn ènìyàn sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n fi kún ọjọ́ rẹ̀, “extend” sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kéde ti àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta, wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún fi òmíràn lélẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Onídìrí ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó tún ní láti tì í, mọ ohun tí “re-” ń sọ ju ìwé atúmọ̀-èdè lọ.

Ìlò rẹ̀ náà ní ìlànà. Ó gbọ́dọ̀ ní àbọ̀, “on” ni ó sì ń tọ́ka sí ẹni tí ẹrù náà wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó ń ni ènìyàn lára ni a ń lò ó fún. A kì í “reimpose” òmìnira. Dídá ni a ń dá òmìnira padà, “restore” ni ó sì bá a mu. Bí ìwé ìròyìn kan bá kọ pé ìjọba “restore” ètò sí ìlú, tí òmíràn kọ pé ó “reimpose” kónílé-ó-gbélé, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà lè ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú dúró sí.

Gẹ̀ẹ́sì tún lè sọ pé “the curfew was reimposed” láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Yorùbá a máa béèrè olùwà, ìbáà ṣe “wọ́n” lásán: “Wọ́n tún fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀.” Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ “wọ́n”, ìbéèrè dé: àwọn wo? Àṣẹ ta ni? Kí ló yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti tú u? Olùkọ́ tí ó bá mú kíláàsì rẹ̀ dé ibẹ̀ ti kọ́ wọn ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó ti kọ́ wọn láti wo ojú ẹni tí ń gbé ẹrù bọ̀, kí wọ́n tó tẹ orí fún un.