Amọ̀, Omi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Terzaghi

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ Newton àti Einstein, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ti gbọ́ orúkọ Karl Terzaghi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò bá kọ́ afárá ńlá tàbí ilé alájà púpọ̀ lóde òní kò lè ṣe é láì lo ìmọ̀ rẹ̀.

Ìlú Prague ni a bí i sí ní ọdún 1883. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní Graz, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní 1916 ó di olùkọ́ ní Istanbul. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí òmíràn ní Robert College ní ìlú kan náà. Kò sí yàrá àyẹ̀wò tí ó péye fún irú iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe. Ohun àlòkù ni ó fi ṣe irinṣẹ́. Ó ń fi wọ́n tẹ amọ̀, ó sì ń wọn bí omi ṣe ń jáde lára rẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ráhùn àìsí ohun èlò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.)

Ó rí i pé erùpẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń ru ẹrù tí a bá gbé lé ilẹ̀. Omi tí ó wà láàárín hóró erùpẹ̀ a máa bá a rù ú. Nínú yanrìn, omi a tètè sá jáde, ilẹ̀ a sì tètè jókòó. Ojú ihò inú amọ̀ kéré jọjọ. Omi a máa yọ́ jáde fún oṣù tàbí ọdún, ilé a sì máa rì tẹ̀lé e. Bí amọ̀ náà bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò yìí yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ó kọ èyí sínú ìwé rẹ̀, Erdbaumechanik, ní 1925. Ọdún yẹn náà ni ó lọ kọ́ni ní MIT. Ó padà sí Vienna, ó sì parí iṣẹ́ ìkọ́ni rẹ̀ ní Harvard. Ó kú ní 1963.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn òbí dáwó, a fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sí etí àkùrọ̀. Ní ọdún kejì ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Agbaṣẹ́ṣe búra pé kò sí ohun tí ó ṣe ilé náà lọ́jọ́ tí a ṣí i, òótọ́ sì ni ó sọ: amọ̀ kò tíì fún omi rẹ̀ jáde tán lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Alága ní owó bulọ́ọ̀kù ni a fẹ́ fi ṣòfò. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, oníṣòwò irè oko, dìde, ó ní òun kì í ra àpò gààrí láìkì í ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Bí a ṣe gbẹ́ ilẹ̀ náà nìyẹn. Amọ̀ ni ní etí àkùrọ̀, a kò rí ìdí rẹ̀. Ní apá òkè ọgbà, a kò jìn rárá tí a fi kan yangí. Ibẹ̀ ni a kọ́ ilé kejì sí.